Iyọ̀ Díẹ̀ Sí I

Iná ti lọ láti àárọ̀ àná ní Ìṣarà
nígbà tí Àǹtí Efúnṣẹ̀yẹ ní kí n gbé ìkòkò ńlá wá,
èyí tí wọ́n fi se ìrẹsì níbi òkú bàbá wa,
kí n da iyanrìn odò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀,
kí n gbé e lé èédú.
"Ààrò tí kò bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ wáyà nìyẹn," ó wí.
(Ẹ má bínú pé mo ń pè é ní "ó".
Rẹ́mọ ni wá. Èdè ilé wa kì í sọ ẹnì kan di púpọ̀.)

Mo kó ohun tí mo rà ní Ṣágámù sílẹ̀:
bọ́tà inú agolo, ṣúgà, fúláwà,
ẹyin mẹ́fà, ọ̀kan ti fọ́ nínú mọ́tò.
Mo fẹ́ ṣe bisikíìtì bí wọ́n ṣe kọ́ mi.
Ó wo fúláwà, ó wo ojú mi.
"Gbé ìyẹn tì. Gàrí ń bẹ nílé."

Gàrí lẹ́bú,
tó sùn lábẹ́ òkúta fún ọjọ́ márùn-ún
títí omi ara rẹ̀ fi ro tán,
tó wá ku ìbínú nìkan.
Ó kan tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń pa ara rẹ̀ dé.

Mo rin àgbọn, mo rin ìka mi mọ́ ọn.
Mo da ṣúgà, mo fọ́ ẹyin, mo gún ẹ̀pà.
Ó ki ọwọ́ bọ agolo tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.
"Àǹtí, iyọ̀ nìyẹn o!"
"Ṣé mo ní ata ni?"
Ó sì bu ata gígún náà, díẹ̀, sí i.

Ó ní nígbà tí ọkọ òun wà ní Kùmásì,
alaalẹ́ ni òun ń rẹ gàrí,
ṣúgà kún un, kò sì dùn.
Títí lẹ́tà fi dé lọ́jọ́ kan
pé ó ti bí ọmọ méjì fún obìnrin ibẹ̀.
"Omi bọ́ lójú mi sínú abọ́.
Mo mu ún bẹ́ẹ̀.
Ọjọ́ yẹn ni gàrí kọ́kọ́ dùn lẹ́nu mi."
Mi ò bi í bóyá omi ẹkún ni tàbí ti ẹ̀rín.
Ó ń fi ìdí ife gé bisikíìtì,
ìdí rẹ̀ ń ró gbà, gbà, lórí pákó.

Ó dùn mí. Ó dùn mọ́ mi.
Ọ̀rọ̀ kan péré ló là wọ́n láàárín,
kò sì wúwo ju ẹyọ iyọ̀ kan lọ.

Ìpele àkọ́kọ́ jóná nídìí. A jẹ ẹ́ náà.
Ìkejì pọ́n bí ilẹ̀ ọ̀nà Ìpẹru.
Ṣúgà ló kọ́kọ́ kí mi,
kíkan tẹ̀ lé e, iyọ̀ jókòó sẹ́yìn ahọ́n,
ata wá dé nígbà tí mo ti gbé e mì,
bí àlejò tó ṣìnà.
Ọmọ Ìyá Mọ̀ńsúrá gba ọ̀kan lójú fèrèsé.
Ojú rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó tún na ọwọ́.

Mo padà sí Ìbàdàn, mo fi ṣíbí wọn iyọ̀,
mo tan ààrò gáàsì, mo ka ìṣẹ́jú.
Ó dára. Kò jọ ọ́.
Mo pè é lórí fóònù:
"Àǹtí, iyọ̀ náà, ẹ̀kúnwọ́ mélòó ni?"
Adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ń gún nǹkan.
"Ọwọ́ tèmi kéré sí tìẹ," ó wí.
"Àti pé iyanrìn dà? Ṣé o da iyanrìn?"